Àdúrà Epo Rọ̀bì àti Kíláàsì Mi

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Calgary, ìlú epo ní Canada, ìjọ wa gbààwẹ̀ kí ó lè tún gòkè. Àwọn ẹnjiníà tí wọ́n máa ń pẹ́ dé ìsìn tẹ́lẹ̀ wá ń dé ṣáájú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣáájú àdúrà nípàdé ilé tí a ń ṣe nínú basement, yàrá abẹ́ ilé, kan ní àdúgbò Skyview Ranch, nítorí èmi ni iṣẹ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ iṣẹ́ wà lórí mi.

Wọn kò mọ irú iṣẹ́ tí mo ní. Mò ń kọ́ni ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, oríṣi olùkọ́ méjì ló sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ní tenure: bí wọ́n bá ti la ọdún ìdánwò já, a kò lè lé wọn mọ́ àfi tí wọ́n bá dẹ́ṣẹ̀ ńlá, a ò sì tíì rí ẹni tó mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ọ̀kan nínú wọn ń sùn ní gbogbo ìpàdé, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níjòkòó. Iṣẹ́ ti àwa yòókù ń kú ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kún kíláàsì, yóò jíǹde. Bí wọn kò bá kún un, kọ́lẹ́ẹ̀jì á fi ímeèlì yìn wá, ó parí. Ẹni tó bá kọ́ni fún ọ̀pọ̀ sáà láìdáwọ́ dúró lè béèrè fún ipò títí láé. Ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan, kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Sáà kan péré ló kù fún mi.

Ta ló wá ń kún kíláàsì? Àwọn tí iṣẹ́ epo ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni. Bí epo bá wọ́n, kò sẹ́ni tó ń rántí ìṣirò. Síbẹ̀ èmi náà ni mò ń dúró níwájú tí mò ń ké pé, "Olúwa, gbé owó epo sókè!"

Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi ní, "Ẹ gbàdúrà gan-an lónìí. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ àmín yín."

"Ẹni tó ń darí kì í ṣàmín."

"Ẹ kú ọgbọ́n o."

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ, ẹnjiníà tí wọ́n dá dúró, ló forúkọ sílẹ̀ gbẹ̀yìn tí kíláàsì mi fi pé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀, ó fò dìde nípàdé ilé.

"Wọ́n ti pè mí padà síṣẹ́! Àdúrà àbúrò mi yìí ló gbà!" Ó dì mọ́ mi. "Mo ti yọ orúkọ mi kúrò ní kíláàsì rẹ o."

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí.

Ìyàwó mi kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, kíláàsì ọ̀hún lẹ gbé lọ yẹn. Bí kò bá pé, wọ́n á fagi lé e."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé statistics ni? Wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu níbi iṣẹ́ pé kí n lọ kọ́ ọ." Ó fa fóònù yọ, ó ń forúkọ sílẹ̀.

"Ta ló máa wo àwọn ọmọ?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni, Dádì. Ó ti mọ́ yín lára láti ìgbà tí ẹ ti wà nílé."

Báyìí ni kíláàsì dúró. Mo kọ́ wọn parí, mo sì béèrè fún ipò títí láé. Ọ̀gá ẹ̀ka wa fi ọ̀yàyà gbà mí. Ó ní mo yẹ, kò sẹ́ni tó kọ̀ mí, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń bọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, epo ló sì ń bọ́ ìjọba: wọn kò ní fi ẹnikẹ́ni sípò títí epo yóò fi wọ́n padà. Kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé sáà tó ń bọ̀ ná. Mo fọwọ́ sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ló ń wá irú rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nípàdé ilé, nọ́ọ̀sì wò mí. "Tíṣà, kí wá ni ká máa bẹ Ọlọ́run fún báyìí? Kí epo wọ́n ni, àbí kó má wọ́n?"

Mo ronú sí i dáadáa. "Kó wọ́n," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì mi parí ná."