Abo Ẹṣin Tí Kò Fẹ́ Gbé Ẹsẹ̀

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ẹṣin kan lẹ́yìn ìlú Bolingbrook, nílẹ̀ òyìnbó níbí, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹṣin tí wọ́n ti pa tì sí, mo sọ fún bàbá tó ni ibẹ̀ pé ọmọ Ìlọrin ni mí, àárín ẹṣin ni wọ́n bí mi sí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Bàbá mi ń tọ́jú ẹṣin fún àwọn tó ń gùn ún lọ́jọ́ Iléyá, èmi ni mo sì ń gé koríko. Ṣùgbọ́n koríko nìkan náà ni mo gé o.

Bàbá onílé ẹṣin yìí, aláwọ̀ dúdú ará ibí ni, àdúgbò South Shore ló dàgbà sí. Nọ́ọ̀sì ni èmi. Sátidé tí n kò bá ní ṣíìfù nílé ìwòsàn ni mo máa ń lọ bá a kó ìgbẹ́ ẹṣin. Àwọn ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ṣé torí ìgbẹ́ ẹṣin lẹ ṣe kúrò ní Nàìjíríà?" Mo ní kí wọ́n gbẹ́nu wọn dákẹ́.

Wọ́n wá gbé abo ẹṣin pupa kan dé, ó ń tiro. Dókítà ẹran ní ọyún ti gbára jọ sínú pátákò ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ là á, kí wọ́n sì máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Èèyàn ò sì lè máa fún un lábẹ́rẹ́ oorun lójoojúmọ́. Dókítà ní bí kò bá sí ẹni tó lè gbé ẹsẹ̀ yẹn títí Sátidé tó ń bọ̀, á sàn kí òun fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ju kó máa joró lọ. Èmi ọmọ Ìlọrin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́.

Mo wọlé tọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń rí i tí bàbá mi ń ṣe: mo kò ó lójú, mo ranjú mọ́ ọn, mo na okùn, mo jágbe pé, "Dúró níbẹ̀!" Ó fẹ̀yìn gbá ògiri, ó tapá, ó fọ́ garawa yángá. Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ olórí kunkun yìí, ikú lo fẹ́ kú yẹn o!" Odindi ọjọ́ mẹ́ta, ariwo lásán ni.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá pè mí síta. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wá, o ò wo ojú mi. Mo rò pé ìgbéraga ni, àfìgbà tí mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Kí ló dé tí o ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹṣin yìí?"

Háà! Ojú tì mí. Èmi tí mo ń wí fáwọn ọmọ mi tọ̀sán tòru pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo dorí kodò, mo tẹ orúnkún díẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Bàbá bú sẹ́rìn-ín níta. Mo dúró kó dá mi lóhùn. Nígbà tó yí etí kan sọ́dọ̀ mi, mo fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kó mọ̀ pé mo gbọ́. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, ó mí sí mi lọ́rùn. Ní Jímọ̀, ọwọ́ mi ti èjìká rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Kó tó gbọ̀n mí nù, mo ti yọwọ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé, èmi ni mo di ẹsẹ̀ mú. Dókítà là á, ọyún dúdú tú jáde, gbogbo ara ẹṣin ń gbọ̀n, àmọ́ kò tapá. Ó gbé àgbọ̀n lé mi lẹ́yìn. Mo ń sọ fún un pé ó ti tán, ó ti tán, bẹ́ẹ̀ kò tíì tán. Mo sunkún níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń lọ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ egbò náà. Ó ń dùn ún, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ìrora náà ti ń wá. Ó ń gbé ẹsẹ̀ fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbé àgbọ̀n lé mi mọ́. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí egbò jinná, bàbá ní kí n ṣí ilẹ̀kùn pápá fún un. Mo ṣí i, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo na ọwọ́ sí i. Ó wò mí. Ó wá kẹ̀yìn sí mi, ó sì sáré kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń tẹ ilẹ̀, kò tiro mọ́.