Bí Mo Ṣe Ń Kí Àwọn Ilé Àtijọ́ Meadowvale

Ní gbogbo àárọ̀ tí yìnyín ò bá bo ọ̀nà, mo máa ń rìn gba òpópónà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Meadowvale, ní Canada níbí, mo sì máa ń kí àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́ni kí láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ ṣe? Ọkọ mi ti kú. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń gbé ní Courtice, ó ré kọjá Toronto lọ́hùn-ún. Àwọn aládùúgbò mi á ti wa mọ́tò jáde nínú gáráàjì wọn kí n tó lanu.

Òpópónà náà kò gùn. Abúlé ni nígbà kan, kí ìlú tó wá gbé e mì. Ilé pákó funfun wà níbẹ̀, ilé bíríkì pupa, ilé tí alágbẹ̀dẹ gbé rí, àti ilé ọtí kan tó ti di ilé gbígbé. Wọ́n kan pátákó kékeré mọ́ ara ògiri wọn: orúkọ ènìyàn, iṣẹ́ tó ṣe, àti ọdún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí pátákó yẹn, omi bọ́ lójú mi. Nílé wa ní Ìbàdàn, iwájú ilé ni sàréè bàbá ọkọ mi wà, orúkọ àti ọdún wọn sì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa jáde láàárọ̀ tí kò ní kí wọn. Mo ní, hẹn-ẹn, àwọn òyìnbó àtijọ́ náà ní làákàyè, ilé wọn ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Mo ti pẹ́ ní Canada lóòótọ́, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń sin òkú sí lóde òní, ṣùgbọ́n mo rò pé ti ayé ọjọ́un yàtọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn nìyẹn. "Ẹ kú ilé o." Ilé ọtí nìkan ni mo máa ń fò. Èmi Alhaja, kí ni mo fẹ́ bá ọlọ́tí sọ? Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe mí. Òun náà ò kúkú rẹ́ni kí i.

Ọkọ mi ò sí níwájú ilé tiwa. Ọ̀nà Burlington ni itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí tí a sin wọ́n sí wà, èmi ò sì mọ mọ́tò wà. Bí ọmọ mi ò bá ráyè, mi ò lè débẹ̀. Ilé tí àwa méjèèjì jọ gbé nìkan ló ṣẹ́kù tí mo lè fọwọ́ kàn. Ọkọ mi ni wọ́n fọwọ́ ara wọn lẹ gbogbo táìlì inú rẹ̀, torí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ọmọ mi sì fẹ́ kí n tà á.

"Mummy, please now, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Basement wà, ó ní washroom tiẹ̀. Kí lẹ̀ ń dá ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò lọ."

"But why?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, kò ní sí ibì kan mọ́ tí ẹnikẹ́ni á ti mọ̀ pé bàbá rẹ̀ gbé ayé rí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, mo dúró níwájú ilé ọtí, mò ń kí baba ọlọ́tí. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń kun fèrèsé níbẹ̀ yíjú sí mi, ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo nawọ́ sí pátákó, mo ní ẹni tí wọ́n sin síbí ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní wọn ò sin ẹnikẹ́ni sí òpópónà yìí. Ó ní ọlọ́tí yẹn ta ilé náà, ó kó lọ síbòmíràn, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó kú sí. Orúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà ni wọ́n kàn kọ síbẹ̀.

Ojú tì mí. Inú bí mi pẹ̀lú, àfi bí ẹni pé ó lé àwọn ará ilé mi lọ. Ògiri lásán ni mo ti ń kí látọjọ́ yìí. Mo sunkún délé.

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Táìlì kan wà níbẹ̀ tó wọ́ díẹ̀. Kí ọkọ mi tó kú ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa tún un lẹ̀. Mo ń fọwọ́ pa á, ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn sì ń padà wá sí mi lọ́kàn. Ọlọ́tí ti ta ilé, kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mo mọ orúkọ rẹ̀, mo sì ń kí i. Mo pe ọmọ mi, mo ní kó wá ẹni tó máa bá wa ta ilé.

Lọ́jọ́ tí à ń kó ẹrù, mo mú táìlì kan tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ilé, mo fi máákà kọ orúkọ ọkọ mi sí i, mo kọ iṣẹ́ wọn, mo kọ ọdún tí a wọlé. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mi dúró, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mummy, the new people will just take it down."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n á ti kà á."