Etí-Ọ̀fẹ́ Lọ Tọrọ Lẹ́tà Ìjẹ́rìí

Etí-Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi tẹlifóònù sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Òfin iṣẹ́ náà ò pọ̀: má gbani nímọ̀ràn, má sọ tara rẹ, ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún bá sọ ni kó o dá padà fún un. Bí ẹnì kan bá ní, "Ayé sú mi," òun á ní, "Ayé sú yín." Onítọ̀hún á mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa tú jáde bí àgbàdo inú àpò tó ya.

Ó mọ iṣẹ́ yìí débi pé ó ń gbé e wálé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ló ń jìyà rẹ̀.

"Àǹtí, ebi ń pa mí o."

"Ebi ń pa ọ́."

"Ẹ ò ní se nǹkan ni?"

"Ó jọ lójú ẹ pé mi ò ní se nǹkan."

"Ha! Ògiri sàn jù yín lọ. Òun kì í kúkú dáhùn!"

Ohun kan wà tí àbúrò yìí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín tó dénú. Ó ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣì ń nawọ́ sí: kó lọ gboyè kejì nínú sáíkọ́lọ́jì. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ló ti pé, àfi lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ ìyá tó kọ́ ọ níwèé nígbà oyè àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ Ẹtì bá fi kọjá, ó di ẹ̀yìn ọdún kan.

Ló bá wọ ọ́fíìsì ìyá náà lọ. Ìwé kún orí àga, tíì ti tutù lórí tábìlì.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Gbé ìwé yẹn kúrò, kó o jókòó. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi."

Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti ṣí. "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún yín, mà."

Ó bùṣe! Ìyá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó sọ ti orúnkún tó ń ro ó, ó sọ ti ọmọ tí kì í pè é àfi tó bá fẹ́ gba nǹkan, ó sọ ti ìfẹ̀yìntì tó ń bọ̀.

"Ó ń ṣe mí bíi pé wọn ò rí mi mọ́."

"Wọn ò rí yín mọ́."

Ìyá sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣàdúrà fún un, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu géètì ni Etí-Ọ̀fẹ́ wà kó tó rántí ohun tó gbé e wá.

Nígbà tó ròyìn délé, àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi já bọ́ lórí ibùsùn. "Ẹni tó lọ tọrọ ló wá di ẹni tí wọ́n ń sunkún sí léjìká!" Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò rí ìtìjú tàbí ìbínú níbẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá náà, ó ti fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ sọ tẹnu yín o. Tẹ́ ẹ bá tún dá ọ̀rọ̀ padà, màá tẹ ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀."

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "ojú ń tì mí. Mi ò tiẹ̀ bi ọ́ léèrè ohun tó gbé ọ wá."

"Ojú ń tì yín..." Àbúrò tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóòótọ́. "Yéè! Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni, mà, fún oyè kejì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tó o fi fẹ́ kà á?"

Ó ti há ìdáhùn kan sórí, ọ̀rọ̀ dídán nípa ríran ọmọ aráyé lọ́wọ́. Kò jáde.

"Bàbá mi kú, mà, mi ò sì rí ibi tó ti ń dùn mí. Ẹkún ẹlẹ́kún ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́, mi ò ní tèmi. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí."

Ìyá ní, "Mi ò ní kọ ìyẹn, tìrẹ ni. Màá kọ ọ́ pé o mọ ọ̀rọ̀ gbọ́, àti pé o ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Lọ́la ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn."

Àbúrò fò mọ́ ọn lọ́rùn. "Ó bọ́ sí i! Àbí inú yín ò dùn ni?"

Etí-Ọ̀fẹ́ wá inú ara rẹ̀ wò, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì.

"Kò tíì dùn," ló wí.

"Kò burú. Màá bá yín dunnú ná, ẹ̀yin náà á lọ bá mi fọ abọ́."

Etí-Ọ̀fẹ́ dìde, ó lọ fọ abọ́.