Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Keje

Òórùn idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń mú mi rántí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ìkòtún. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń bọ́ mi dòní, ibẹ̀ náà ni ìgbéraga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tèmi jẹ́.

Ìyá kan tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sílé ní Ìgàndó ló gbé iṣẹ́ wá: yàrá mẹ́rìnlélógún, kí kọ́kọ́rọ́ oníkálukú ṣí tirẹ̀ nìkan, kí ọ̀kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ òun sì ṣí gbogbo ẹ̀. Sìlíńdà tó ṣeé fà yọ, ìyẹn ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára ilẹ̀kùn, la lò, kí a lè pààrọ̀ ẹ̀ láì tú ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ní kí n fúnra mi ṣètò ẹ̀. Háà, orí mi wú! Ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ àgbà tó lè ṣí gbogbo wọn, a ní láti fi píìnì, àwọn irin wẹ́wẹ́ tí eyín kọ́kọ́rọ́ ń tì sókè, kún inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Béèyàn ò bá ṣọ́ra, kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn á ráyè níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi máa ń ní ká ki gbogbo kọ́kọ́rọ́ bọ gbogbo ilẹ̀kùn. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti ṣírò ẹ̀ sórí bébà, kí ni mo tún ń dán wò? Mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin yàrá keje wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń wo fóònù, òun ṣèèṣì gun òkè, òun ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn yàrá kejìdínlógún, ó sì ṣí. "Bọ̀dá, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o." Mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n yára lọ pààrọ̀ sìlíńdà yẹn, ta ni yóò mọ̀? Ọ̀gá wò mí. "Wàá pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ wàá kọ́kọ́ fẹnu ara ẹ sọ fún ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo ṣáà lọ, mo sọ fún ọmọbìnrin yàrá kejìdínlógún pé èmi ni mi ò dán an wò. Kò pariwo. Nígbà tí mo pààrọ̀ ẹ̀ tán, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ yí gbogbo yàrá ká." Ó gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jọ, a sì ki gbogbo ẹ̀ bọ gbogbo ilẹ̀kùn, títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin yàrá kejìdínlógún yẹn pè mí. Ó ti di nọ́ọ̀sì, ó ti kọ́lé sí Ẹ̀gbẹ́dá, ó fẹ́ kí n wá fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ èmi, pẹ̀lú gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí lọ́wọ́ mi.

"Bọ̀dá, gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn dáa. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ fún mi rí pé tiyín ò dáa."

Omi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi mí sọ́wọ́ ọ̀gá tí kò jẹ́ kí n yọ́ wọlé, kí n yọ́ jáde.