Ẹni Tó Ń Ná Iṣu Mi Lọ́sàn-án

Kọ́bọ̀ kan ni wọ́n fi ń fá orí ọkùnrin ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò iṣu. Ní Àkúrẹ́, tọ́rọ́ ni, kọ́bọ̀ mẹ́ta gbáko. Orí kan náà, abẹ kan náà! Ohun tó sọ ìlú wa di ibi tí a kàn ń sùn sí nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ti wọ bọ́lẹ̀kájà lọ tajà ní Àkúrẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó padà. Lọ́sàn-án, ewúrẹ́ àti àwọn òkè ńlá ló ń ṣọ́ ilé.

A máa ń fi ọjà díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn tó bá ti oko bọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń sọ iye rẹ̀: òkúta mẹ́rin, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni iṣu kan. Ẹni tó bá rà á á fi owó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jí i, kò sì sẹ́ni tó ń ná an. Ta ni wọn ó bá ná an?

Lọ́dún tí ewé orí ilé mi jẹrà, owó páánù ni mò ń wá kí òjò tó dé. Mo bá gbé iye Àkúrẹ́ wá sílé: mo to òkúta méje síwájú iṣu méjìlá. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, iṣu pé, òkúta ku mẹ́fà. Mo rẹ́rìn-ín, mo dá ọ̀kan padà. Lọ́jọ́ kejì, ó ku márùn-ún. Ẹnì kan ń ná ọjà mi!

Lọ́jọ́ kẹta, mo tún to méje, ṣùgbọ́n n ò lọ sí Àkúrẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń yọjú wo àtẹ. Ìlú dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ bí ikán ṣe ń jẹ àjà ilé. Kò sẹ́ni tó kọjá. Mo ṣẹ́jú, òkúta kan ti lọ. Mo tún ṣẹ́jú, ó ku márùn-ún. Ewúrẹ́ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ dìde, ó sún sẹ́yìn bí ẹni tó yà fún àgbà.

Mo sáré bá Ìyá Àgbà ní ilé kejì. Òun ló kọ́ mi lówò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, kì í kúrò lórí ẹní mọ́.

“Ìyá, ta ló ń kó òkúta mi?”

“Èló lo pe uṣu ọ̀hún?”

“Kọ́bọ̀ méje.”

“Méje! Ní Ìkẹ́rẹ́ yìí? Ìwọ ọmọ yìí, ojú rẹ le o! Èló ni wọ́n ná an?”

“Márùn-ún. Ṣùgbọ́n, Ìyá, n ò rí ẹnì kankan!”

“Ṣé ojú ni wọ́n fi ń sanwó ni? Èmi náà ti tà fún wọn rí. Nígbà tí gbogbo yín bá lọ sí Àkúrẹ́, ṣé ẹ rò pé ulé ń ṣófo ni? Lọ tà á. Kí o kẹ̀yìn sí wọn.”

Wọn kì í kúkú ta páánù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo padà, mo kígbe sí ojú ọ̀nà tó dá páropáro: “Ẹ máa mú un ní márùn-ún! Àmọ́ n ò ní ṣe ènì o!”

Mo kẹ̀yìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ẹnì kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí mi. Nígbà tó dákẹ́, mo yíjú: kò sí iṣu mọ́. Owó wà níbẹ̀, ó tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nílẹ̀. Oníṣòwò páánù gbà á, kò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kan orí ilé mi kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Mo pẹ́ lẹ́nu òwò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n rí oníbàárà tó sanwó lójú ẹsẹ̀ láì sọ pé kí n ṣe sùúrù di ọ̀la. Àwọn wọ̀nyẹn san tiwọn pé: iṣu méjìlá ní kọ́bọ̀ márùn-ún-márùn-ún, ṣílè márùn-ún géérégé.