Pòtétò Tí Mo Gún Lódó

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò rí ibi jókòó sí. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá. Mo ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mo tún dé e padà. Bàálù kan hó gèè kọjá lórí òrùlé wa n'Ísọlọ̀, àyà mi sì já. Èmi tí mo ti ń gbé ládùúgbò yìí tipẹ́, tí mi ò ka bàálù sí nǹkan kan! Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo èyí tó bá ti kọjá ló ń ṣe mí bíi pé òun ló fẹ́ wá gbé ọmọ ọmọ mi lọ.

Ìyàwó ọmọ mi ló wà nínú yàrá, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Òyìnbó ni, ará Áyálàǹdì. Ọ̀hún ni ọmọ mi ti fẹ́ ẹ, ọ̀hún náà ló kú sí, ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Fóònù ni èmi ìyá rẹ̀ fi wo ìsìnkú rẹ̀, omi kò sì bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Ìbínú ni kò jẹ́. Mo ní kí ló dé tí obìnrin yìí kò gbé ọmọ mi wálé? Kí wọ́n tó dé, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún un ti tò sí mi lẹ́nu. Àfi bó ṣe rí mi léápọ́ọ̀tù tó kúnlẹ̀ gbàgà, tó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ̀ọ́mì." Ìrọ̀lẹ́ ni o! Kí ni mo fẹ́ sọ mọ́? Mo ní kó dìde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò jẹun. Ọmọ ń jẹ ní tiẹ̀: tó bá jẹ́ dòdò ni, á ní kí n fi kún un. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ á kàn máa fi ṣíbí ti oúnjẹ sọ́tùn-ún, á tún tì í sósì, á ní, "Ẹ ṣé, Mọ̀ọ́mì," á sì gbé abọ́ padà. Mo dín ata kù. Mo yọ ata kúrò pátápátá. Mo din ẹyin. Pàbó. N'Ísẹ́yìn níbi tí wọ́n ti bí mi, àlejò tó bá kọ oúnjẹ rẹ, kò fẹ́ padà wá nìyẹn. Tí òun ò bá sì padà wá, ta ni yóò mú ọmọ yẹn wá fún mi? Òun nìkan ni ọmọ mi fi sílẹ̀ láyé. Iwájú orí rẹ̀ ni, eyín rẹ̀ ni, àgídí rẹ̀ gan-an ni.

Ìyá Ìbejì ló dá àbá. Alábàágbé mi ni, ó ń ránṣọ lọ́jà Áswani, ó sì gbọ́ òyìnbó jù mí lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe bi í léèrè ohun tí ìyá tiẹ̀ ń sè fún un?" A bi í. Ojú tì í, ó kọ́kọ́ ní kí a má ṣèyọnu. Ìgbà tí a ò gbà fún un ló wá sọ ọ́: pòtétò áírìṣì, kábéèjì, àlùbọ́sà eléwé, mílíìkì, bọ́tà. Wọ́n á bọ pòtétò náà, wọ́n á wá... Ó di ìkúùkù, ó fi ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n á gún un," mo ní. "Ó tán! Kí ló wá le níbẹ̀?"

Mo gba ọjà Bọ́ládé lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mi ò tiẹ̀ dé gèlè. Mo ra áírìṣì. Níbi tí mo ti fẹ́ ra kábéèjì, ìyá tó ń tà á bi mí pé, "Àlhájà, sàláàdì lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sè é ni."

"Ẹ fẹ́ se kábéèjì? Kí ló ṣe é?"

"Ara rẹ̀ ò yá," mo ní. "Ṣé o máa tà á àbí o ò ní tà á?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tà á.

Nígbà tí pòtétò jinná, mo fọ odó. Nílé tiwa, ohun tó bá ti yẹ kó kúnná, odó ló ń lọ. Ọmọ mi ló máa ń bá mi gún iyán nígbà tó wà lọ́mọdé, á làágùn, kò sì ní gbé ọmọ odó sílẹ̀ títí iyán á fi fà. Mo rántí ìyẹn, mo bá kó agbára sí i. Pòtétò náà kọ́kọ́ funfun láúláú. Mi ò dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Mo da mílíìkì sí i, mo tún gún un. Háà! Ó di àtè. Mo gbé ọmọ odó sókè, ó fẹ́ gbé odó tẹ̀lé e.

Ìyá Ìbejì yọjú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre."

Ó na fóònù sí mi. Ó ti wá àwòrán oúnjẹ náà jáde. Tiwọn rọ̀, ó rí wúruwùru, ṣíbí ni wọ́n fi rún un. Ara mi tutù. Pòtétò ti tán, ó sì ku ọ̀la kí wọ́n padà lọ. Bàálù mìíràn kọjá. Mo ṣépè fún un.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ro kábéèjì àti àlùbọ́sà mọ́ ọn tipátipá, mo dá ihò sí àárín rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é nínú àwòrán, mo fi bọ́tà síbẹ̀, mo gbé e lọ fún un.

Ó wò ó. Ó fi ìka fà á díẹ̀, ó fà gùùrù. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ní mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. "Sọ́rì," mo ní, "sọ́rì, ìyàwó mi." Ó ń mi orí, ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀, Ìyá Ìbejì sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ọkọ òun ṣe ń ṣe é gan-an nìyí. Kì í jẹ́ kí òun fi ṣíbí rún un. Ìdí ìgò ló fi ń gún un nínú ìkòkò títí á fi fà, òun á sì máa bá a jà pé ó ti ba oúnjẹ ìyá òun jẹ́. Ó ní láti ìgbà tó ti kú, òun ń sè é bó ṣe yẹ kó rí, kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun òun lọ. Kì í ṣe oúnjẹ mi ni òun kọ̀. Kò sí oúnjẹ kankan tó ń lọ.

Ó lọ fọwọ́. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó bu òkèlè, ó rọra tì í bọ inú bọ́tà, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Kò gbójú sókè títí ó fi jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó wá ní tí àwọn bá tún dé, kí n jẹ́ kí òun náà gún un.

Ọmọ sáré jáde láti yàrá. Ó wo inú abọ́, ó wo gbogbo pálọ̀ yíká, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè nǹkan kan. Mo wo Ìyá Ìbejì.

"Ó ní ṣé Dádì ti dé ni?"

Mo gbé e jókòó lé itan mi, mo bu òkèlè kékeré sí i lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún ọmọ mi.