Ìwárìrì Afárá Ọ̀nà Lánlátẹ̀

Ara mi kì í balẹ̀ títí dòní bí mo bá rántí àárọ̀ ọjọ́ ọjà yẹn. Mo jókòó ní Erúwà, mò ń mu tíì, ni mo gbọ́ ohùn àgbérò kan ní gáréèjì: "Ẹ wọlé o! Kò sí bíbọ́ sílẹ̀ mọ́ lórí afárá!"

Mo gbé ife tíì kalẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé afárá ọ̀nà Lánlátẹ̀ náà le.

Ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni. Iṣẹ́ afárá ni mo kà ní yunifásítì, mo sì wà lọ́dọ̀ọ́, mo nígbàgbọ́ nínú kọ̀ǹpútà ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi àti ọ̀gá mi kan so àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ abẹ́ afárá náà, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń gbọ̀n bí mọ́tò bá ń kọjá. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìgbọ̀n náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìgbọ̀n bá yàtọ̀, kó sọ fún wa. Kò rí ìyàtọ̀ kankan, ni mo bá kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irin afárá yẹn ti ń dún ni gbogbo èrò ti máa ń bọ́ sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Wọ́n á ru ẹrù wọn, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn kọjá, mọ́tò á tẹ̀ lé wọn lófìfo. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, débi pé n kò rí i mọ́. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn àgbérò yẹn ni mo tó rí i pé mọ́tò òfìfo nìkan ni kọ̀ǹpútà wa mọ̀!

Mo gun ọ̀kadà, mo ní kó máa sáré. Bí mo ti dé àárín afárá ni lọ́rì kan yọ nídìí rẹ̀, èrò kún un dé orí àpò gààrí. Mo na ọwọ́ méjèèjì.

Awakọ̀ yọrí síta. "Ìnjíníà, ẹ kúrò lọ́nà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ara afárá ti yá?"

"Mo ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?"

"Kò rí mọ́tò tó kún rí."

Ẹ̀rín sọ lókè lọ́rì. Obìnrin kan ní, "Ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan! Gbogbo ìwé tó kà, ohun tí àgbérò ń sọ tẹ́lẹ̀ náà ló padà wá ń sọ!"

Síbẹ̀, wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan wọ́ àpò gààrí rẹ̀ síwájú mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ̀ mí kalẹ̀. Ó yá, rù ú."

Mo rù ú. Lẹ́yìn wa, lọ́rì òfìfo ń bọ̀ jẹ́jẹ́, irin ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. N kò tíì sọ àpò náà kalẹ̀ tán tí mọ́tò mìíràn fi fun fèrè lódìkejì. Mo tún sáré padà sórí afárá. Ibẹ̀ ni mo wà títí ọjà fi tú.